Èmi àti Màmá ní Eyam: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò

Ọjọ́bọ̀

Màmá ló jẹ́ kí ẹrù wa pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gbọ́ pé ilé òyìnbó abúlé la fẹ́ lọ sùn sí, pé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún àlejò níbẹ̀, ni wọ́n bá kó gàrí, ẹ̀pà, ata gígún àti ẹja gbígbẹ sínú báàgì. Mo bẹ̀bẹ̀ títí kí wọ́n tó gbà pé kí ẹja dúró sílé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Láti St Pancras dé Sheffield, rélùwéè ń sáré, Màmá ń sùn, ìyẹn náà ti tán.

Láti Sheffield ni ojú ọ̀nà ti wá dùn ún wò. Bọ́ọ̀sì ń gun òkè títí a fi dé ibi tí ilẹ̀ ti tẹ́ lọ salalu, kò sí ilé, kò sí igi gidi, àfi àgùntàn tó ń jẹko káàkiri àti igbó kúkúrú kan tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésè àlùkò. Òpin oṣù Kẹjọ la lọ, àsìkò tí òdòdó náà ń yọ gan-an nìyẹn. Peak District ni wọ́n ń pe gbogbo àgbègbè yẹn. Ọdún 1951 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀, òun sì ni àkọ́kọ́ nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Bìrìtéènì, ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàdédé kọ́lé sí bó ṣe wù ú. Bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, ó tún gun òkè mìíràn, a sì dé Eyam, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Íìm.

Àjàkálẹ̀-àrùn ni ayé fi mọ abúlé yìí. Lọ́dún 1665, àrùn tó ń pa àwọn ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù wọ ibẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1666, àwọn ará abúlé fẹnu kò pé àwọn kò ní jáde, ẹnikẹ́ni kò sì ní wọlé, kí àrùn má bàa ràn dé àwọn ìlú tó yí wọn ká. Kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀, èèyàn 260 ti kú. N kò sọ èyí fún Màmá kí a tó kúrò nílé. Mo ní abúlé àtijọ́ kan tó lẹ́wà la ń lọ, irọ́ kọ́ sì ni.

Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ilé tí a dé sí. Ògiri rẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó máa mu tíì. Ẹnu ọ̀nà kúrú, gèlè Màmá kàn án. Ìyá onílé fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wa, irun rẹ̀ funfun báláú, ìyẹ̀fun ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òun àti Màmá kò ní jìnnà sí ara wọn lọ́jọ́ orí. Ó béèrè orúkọ wọn, mo dáhùn, kí n sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ó ti ń pe Màmá ní orúkọ àbísọ wọn ní gbangba. Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́ fún un, wọ́n wá yíjú sí mi.

"Bísí, ṣé èmi àti ìyá yìí jọ ṣeré òṣùpá ni?"

Mo ṣàlàyé fún ìyá onílé pé nílé wa, orúkọ ọmọ la fi ń pe abiyamọ. Ó ní kí ló wá yẹ kí òun máa wí? Mo ní "Màmá Bísí". Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ títí a fi kúrò níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ara Màmá ti balẹ̀ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ mú àgbàlagbà lọ sí irú ilé báyìí, ẹ béèrè yàrá ìsàlẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Àtẹ̀gùn wọn tín-ín-rín, ó dúró ṣánṣán, èrò òkè kò sì lè kọjá lára èrò ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá wa dára: bẹ́ẹ̀dì méjì pẹ̀lú aṣọ ìbora tó nípọn, kẹ́tù kékeré, ife, tíì, wàrà, bisikíìtì tí ìyá onílé yan fúnra rẹ̀. Màmá fa kọ́tìnì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti wo ìta. Òkúta ibojì ló kún ìsàlẹ̀ fèrèsé, nítorí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀yìn ilé kọjú sí.

"Itẹ́ òkú rèé?"

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rù. Wọ́n ní ta ló ń bẹ̀rù? "Baba yín wà lábẹ́ pálọ̀ n'Íbàdàn, ojoojúmọ́ ni mo ń rìn kọjá lórí wọn. Ẹni tí mi ò mọ̀ ni mi ò fẹ́ sùn tì." A ti kọ́tìnì pa, mo sì gba bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ọjọ́ Ẹtì

Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni wọ́n ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Lálẹ́ àná ni ìyá onílé ti fún wa ní ìwé kékeré kan pé kí a sàmì sí ohun tí a fẹ́, Màmá sì ní kí n sàmì sí gbogbo rẹ̀, owó ti jáde. Wọ́n fi òwú hun fìlà fún ìkòkò tíì kó má bàa tutù. Jáàmù ọsàn wà lórí tábìlì, bọ́tà wà, búrẹ́dì yíyan tò sínú irin. Lẹ́yìn náà ni àwo gidi dé: ẹyin díndín, sọ́sééjì, bẹ́kìn, tòmátì àti olú tí wọ́n dín, ẹ̀wà inú agolo, àti nǹkan dúdú roboto kan tí Màmá fi fọ́ọ̀kì tì sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n tó béèrè ohun tó jẹ́. Mo ní ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé òyìnbó tó gbé Bíbélì wá fún wa kò ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 15 ni? Èmi ni mo jẹ ẹ́. Ó dùn.

Ẹ̀wà ni kò yé wọn. "Ẹ̀wà wo ló ń dùn bíi ṣúgà?" Wọ́n mú ata gígún jáde nínú pọ́ọ̀sì, wọ́n bù ú lé e. Ìyá onílé rí i, ó ní òun fẹ́ tọ́ ọ wò. A kìlọ̀ fún un. Ó fi ṣíbí bu díẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, omi dà lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ fẹ́ ẹnu. Látorí oúnjẹ yẹn ló ti sọ ìtàn àkọ́kọ́ fún wa. Ó ní nígbà àrùn, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Margaret Blackwell, tí ikú ti dé bá dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dín bẹ́kìn láàárọ̀, ó sì jáde lọ kó èédú. Òǹgbẹ ń gbẹ ọmọ náà débi pé ó dìde, ó bá ọ̀rá bẹ́kìn tó ṣì gbóná nínú ìgò, ó rò pé wàrà ni, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mu. Kò kú. Ìyá onílé ní ìtàn àtẹnudẹ́nu ni o. Màmá béèrè ohun tó ń sọ, mo túmọ̀ rẹ̀, wọ́n sì wo bẹ́kìn inú àwo wọn tìyanutìyanu.

Bí mo ṣe sọ ìtàn abúlé náà fún Màmá nìyẹn, torí kò sí bí mo ṣe lè túmọ̀ ti Margaret láìtúmọ̀ ìyókù. Mo rò pé wọ́n máa bínú. Wọ́n kàn ní kí n wá bàtà wọn, kí a lọ wo ilé àwọn olóògbé.

Kò jìnnà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ilé náà wà lórí ìlà kan, àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú wọn, òdòdó wà lójú fèrèsé, kẹ̀kẹ́ ọmọdé fara ti ògiri. Pátákó wà níwájú wọn tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó kú nínú ilé kọ̀ọ̀kan sí. Nínú ọ̀kan nínú wọn ni àrùn ti bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ abúlé, Alexander Hadfield, ló gba dì aṣọ kan láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Aṣọ náà tutù, George Viccars tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì sá a síwájú iná kó lè gbẹ. Kòkòrò tó ń fò, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ lára eku, ló ti wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1665 ni wọ́n sin Viccars, àwọn ọmọ inú ilé náà sì tẹ̀ lé e. Mo dúró ka pátákó, mo ń túmọ̀ orúkọ àti ọjọ́ fún Màmá, obìnrin kan ṣílẹ̀kùn jáde, ó kí wa pé ẹ káàárọ̀, ó gbé àpò ìdọ̀tí lọ sínú garawa. Ó ti mọ́ ọn lára kí àlejò máa dúró síwájú ilé rẹ̀ máa ka òkú.

Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì la wọ̀ lẹ́yìn náà. Àgbélébùú òkúta kan wà níbẹ̀ tó ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ, ó ju ilé ìjọsìn fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí, àwọn tó gbẹ́ ọnà sára rẹ̀ mọ iṣẹ́. Nítòsí rẹ̀ ni ibojì Catherine Mompesson wà, ìyàwó àlùfáà abúlé nígbà yẹn. Wọ́n ní òun àti ọkọ rẹ̀ ń rìn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì ní afẹ́fẹ́ yìí mà ń ta sánsán o. Àya ọkọ rẹ̀ já, nítorí àwọn èèyàn gbà pé òórùn dídùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ ni àmì àrùn náà. Ọdún 27 ni ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà tó kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1666.

William Mompesson ni ọkọ rẹ̀. Òun ni gbogbo ìwé ń yìn. Òun ló ní kí abúlé sé ara wọn mọ́lé, kí wọ́n máa jọ́sìn ní gbangba òde dípò inú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì máa sin òkú tirẹ̀ sí ilẹ̀ tirẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí wọ́n ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Èkíní ni pé kó tó di pé wọ́n ti ojú ọ̀nà pa, ó ti fi àwọn ọmọ tirẹ̀ ránṣẹ́ sí Yorkshire. Èkejì ni pé àlejò ló jẹ́ ní Eyam; àwọn ará abúlé kò tíì fọkàn tán an. Thomas Stanley, àlùfáà tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tí ìjọba lé kúrò nípò lọ́dún 1662 nítorí pé kò gba ìlànà ìjọsìn wọn, ló bá a dá sí i kí wọ́n tó gbọ́ tirẹ̀. Olówó díẹ̀ ti sá kí ọ̀rọ̀ tó dé orí àdéhùn. Àwọn tó kù ni wọ́n ṣe àdéhùn.

Mo sọ ti àwọn ọmọ yẹn fún Màmá, mo rò pé wọ́n máa bá mi dẹ́bi fún ọkùnrin náà. Wọ́n ní: "Ìwọ ńkọ́, o ò ní gbé Tómi jáde?"

N kò fèsì.

Mùsíọ́ọ̀mù abúlé wà nínú ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì àtijọ́. Eku ni wọ́n fi irin ṣe sórí òrùlé láti máa fi mọ ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Inú rẹ̀ kéré, ó kún fún kíkà, ẹsẹ̀ Màmá sì ti ń dùn wọ́n. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ní òpópónà tó wà lẹ́yìn ilé wa, àpótí onígi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, ẹyin wà nínú rẹ̀, agolo owó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nítòsí. Ibẹ̀ ni ẹyin oúnjẹ àárọ̀ wa ti ń wá. Màmá dúró níbẹ̀ pẹ́. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá àwọn ń ṣe ní oko nígbà tí àwọn wà lọ́mọdé: wọ́n á to iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á kó òkúta wẹ́wẹ́ síwájú rẹ̀ láti fi mọ iye owó, oníṣòwò á bá tirẹ̀ lọ sí oko. Ẹni tó bá rà á á fi owó sílẹ̀. "Ẹni tó bá jí i, ó mọ ohun tó ń dúró dè é," ni Màmá wí. Mo ní níhìn-ín, kámẹ́rà ló ń dúró dè é. Wọ́n wo òkè igi, wọn ò rí kámẹ́rà, wọ́n ra mẹ́fà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí òkúta ààlà yé wọn kíákíá. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan gba àárín pápá lọ sí ìhà Stoney Middleton, abúlé kejì, òkúta ńlá kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n lu ihò mẹ́fà sí lórí. Àwọn ará Eyam á fi owó sínú ihò, wọ́n á da ọtí kíkan lé e kí àrùn má bàa lẹ̀ mọ́ owó, wọ́n á padà sẹ́yìn. Àwọn ará ìta á gbé búrẹ́dì àti ẹran wá, wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á kó owó. Ìsun omi kan wà ní òkè abúlé, tí wọ́n ń pè ní kànga Mompesson, níbi tí wọ́n tún ti ń ṣe irú rẹ̀. Olówó kan, ìyẹn Earl ti Devonshire ní Chatsworth, ló ń fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́ sí wọn. Ẹnu ihò òkúta náà ti dán nítorí ọwọ́ àlejò. Màmá ki ìka wọn bọ ọ̀kan, ó wọlé dé oríkèé kejì. Ẹnì kan ti ju kọ́bọ̀ òyìnbó síbẹ̀, omi òjò bò ó. Àwọn àgùntàn ń wò wá.

Nígbà tí a padà dé, abúlé ti kún. Ọjọ́ ayẹyẹ wọn ni, ìdí tí mo fi ní láti gba yàrá sílẹ̀ láti ìgbà òtútù nìyẹn. Wọ́n ń yan odindi àgùntàn lórí iná nítòsí ibi tí àbà àtijọ́ wà, igi tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ arúfin bọ̀ nígbà tí àwọn awakùsà òjé pọ̀ ládùúgbò náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga abúlé, wọ́n gbé pátákó ńlá dúró tí wọ́n rẹ́ amọ̀ sí lójú, tí wọ́n wá fi ewé òdòdó kọ̀ọ̀kan, èso àti èèpo igi tẹ àwòrán sínú amọ̀ náà. Ní gbogbo agbègbè Derbyshire ni wọ́n ti ń ṣọ̀ṣọ́ fún omi báyìí. Mo sún mọ́ ọn wò: ewé òdòdó ń gun ara wọn bí ìpẹ́ ẹja, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí omi òjò lè ṣàn kúrò lójú rẹ̀. Màmá kò bèèrè ìdí. Ẹni tó bá mọ odò Ọ̀ṣun mọ̀ pé omi tọ́ sí ẹ̀ṣọ́.

Ohun tó kọ wọ́n lóminú ni àgùntàn. Wọ́n ní ṣebí ọ̀la ni ìrántí òkú? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń ṣe é. "Wọ́n wá ń jẹran lónìí? Òkú ọ̀fọ̀ ni o, Bísí. Ọmọdé ló pọ̀ nínú wọn." Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ṣírò ọdún, wọ́n ní ó ti lé ní 350 ọdún, àwọn ọmọ náà ti di baba ńlá. Wọ́n ní kí n lọ tò fún ẹran. Ẹran rọ̀, kò níyọ̀, ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà sí ata gígún.

Nírọ̀lẹ́, ìyá onílé gbé tíì wá sí pálọ̀, ó jókòó tì wá. Ó ń sọ ti Marshall Howe fún wa. Àrùn mú ọkùnrin yìí níbẹ̀rẹ̀, ó sì yè é, ló bá gbà pé kò lè mú òun mọ́. Ó di ẹni tó ń sin òkú fún ìdílé tí kò lágbára mọ́, ẹrù òkú ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní nígbà mìíràn á dé kí aláìsàn tó gbẹ́mìí mì. Nígbà tó yá, àrùn pa ìyàwó àti ọmọ tirẹ̀.

Màmá gbé ife kalẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ fún obìnrin yìí pé àwọn mọ ọkùnrin yẹn. Wọ́n ní ní ìlú àwọn, nígbà tí àwọn wà ní kékeré, Olóde jà, ìyẹn àrùn ìgbóná. Wọ́n kì í pe orúkọ rẹ̀ gan-an nígbà náà, Màmá kò sì pè é lálẹ́ yìí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lùlù, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ aṣọ pupa, ọmọdé kò gbọ́dọ̀ rìn lọ́sàn-án gangan. Ó mú àbúrò baba wọn. Àwọn olórìṣà ni wọ́n wá gbé òkú náà lọ sínú igbó, wọ́n kó aṣọ, wọ́n kó ẹní, wọ́n kó àgbá ẹmu, wọ́n kó ewúrẹ́. Ìdílé kò gbọ́dọ̀ sunkún, ọpẹ́ ni wọ́n dú. Màmá ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n fi àpá abẹ́rẹ́ àjẹsára han ìyá onílé. Ìyá onílé náà ká tirẹ̀, àpá kan náà wà níbẹ̀.

Mo fi kún un pé ní Èkó, ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, Dókítà Oguntola Sapara wọ inú ẹgbẹ́ awo àwọn olórìṣà Olóde láti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tó rí níbẹ̀ sì wà lára ohun tó mú kí ìjọba fòfin dè é. Wọn ò gbọ́ mi. Àpá ni wọ́n ń wò.

Ọjọ́ Àìkú

A jí kùtùkùtù lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní Riley. Ọ̀nà náà gun òkè lọ sí ìlà-oòrùn abúlé, Màmá fi ọ̀pá ìyá onílé tẹlẹ̀, a ń sinmi ní gbogbo géètì. Àárín pápá ni ibojì náà wà, ògiri òkúta kékeré yí wọn ká ní roboto. Ọkọ Elizabeth Hancock àti ọmọ rẹ̀ mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1666, òun nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀, òun nìkan ló sì fi aṣọ so ẹsẹ̀ òkú kọ̀ọ̀kan tó wọ́ ọ dé ibi tí yóò sin ín sí, kó má bàa fọwọ́ kàn án. Àrùn kò mú un. Wọ́n ní àwọn ará Stoney Middleton ń wò ó láti orí òkè kejì.

Àwọn ìwé tí mo kà ń sọ̀rọ̀ nípa sísin òkú sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé òun ni ìṣòro tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà: kò sí ilẹ̀ mímọ́, kò sí àlùfáà, inú pápá àgùntàn ni. Màmá kò rí ìyẹn rò. Wọ́n ní níbo ló tún kù tó yẹ kí èèyàn sin ọkọ àti ọmọ rẹ̀ sí, bí kò ṣe ilẹ̀ ara rẹ̀? Wọ́n ń ka òkúta: ọ̀kan, méjì. Ohun tó ká wọn lára ni pé obìnrin ló gbẹ́ ẹ. "Àna ńkọ́? Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ ńkọ́? Nígbà tí baba yín lọ, ṣé mo mọ ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀? Mo kàn gbọ́ dígà ni. Wọ́n ní wọ́n ń wò ó láti orí òkè!" Wọ́n fi ọ̀pá nà sí òkè náà. Màmá mọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá kọjá wá, ó lè gbé ikú padà lọ fún ìlú tirẹ̀, mo sì rán wọn létí Dókítà Adadevoh ní Èkó lọ́dún 2014, bó ṣe kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn Ẹ̀bólà kan kò ní jáde ní ọsibítù, tí òun fúnra rẹ̀ sì kú. Wọ́n ní àwọn mọ gbogbo ìyẹn. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tí àwọn ń sọ yàtọ̀.

Wọ́n dúró síwájú òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní "sùn un re o", wọ́n bọ́ sí èyí tó kàn. Wọn ò fò ọ̀kan.

Lọ́sàn-án, a tẹ̀ lé èrò láti ṣọ́ọ̀ṣì lọ sí Cucklet Delf, àfonífojì koríko kan tó ní ihò òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí Mompesson ti ń wàásù nígbà tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì pa. Ìdílé kọ̀ọ̀kan máa ń dá dúró nígbà náà, wọn kì í sún mọ́ ara wọn. Lónìí àga àti aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé wá, ajá wà níbẹ̀, ọmọdé ń yí lórí koríko. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ní Emmott Sydall àti Rowland Torre máa ń wá wo ara wọn lókèèrè. Ará Stoney Middleton ni ọmọkùnrin náà, wọ́n sì ti ń múra ìgbéyàwó. Nígbà tó di oṣù Kẹrin ọdún 1666, ọmọbìnrin náà kò yọjú mọ́, ọmọkùnrin sì ń wá títí wọ́n fi ṣí ojú ọ̀nà. Ìwàásù gùn. Orin wọn kò ga tó ti Màmá, tó ń fi Yorùbá kọ èyí tí wọ́n bá mọ ohùn rẹ̀, àwọn tó wà níwájú sì yíjú padà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ọjọ́ Ajé

Owó tí a san kò kéré, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mo lè fi bú u. Bẹ́ẹ̀dì gbóná, omi ilé ìwẹ̀ gbóná bí a bá ti fún un ní àkókò, a sì yó. Ìyá onílé fún Màmá ní ìgò jáàmù ọsàn kan, Màmá fún un ní ìyókù ata gígún pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé orí ṣíbí tíì ni kó mọ sí. Ó ní òun ń lọ sí Bakewell, òun á já wa sílẹ̀ ní Chatsworth, nítorí Màmá ti ní àwọn fẹ́ rí ilé ẹni tó fi oúnjẹ ránṣẹ́.

Ilé náà tóbi ju ààfin lọ, àgbọ̀nrín ń jẹko níwájú rẹ̀. Ìṣòro wà: láti ọdún 1687 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí tún un kọ́, kì í ṣe ilé tí oúnjẹ ti jáde gan-an. Ilé ìṣọ́ kan tó wà lórí òkè lẹ́yìn rẹ̀ ló ti wà níbẹ̀ ṣáájú, láti nǹkan bí ọdún 1580 sí 1590. Màmá wo bí òkè yẹn ṣe ga tó, wọ́n wo owó ìwọlé ilé ńlá, wọ́n ní ibi tí àwọn dúró yìí tó láti fi dúpẹ́. A mu tíì, a wọ bọ́ọ̀sì.

Ní ibùdókọ̀ Sheffield ni wọ́n ti pe ọ̀rẹ́ wọn n'Íbàdàn. Mo ń gbọ́ wọn tí wọ́n ń sọ ti ẹ̀wà oníṣúgà, ti ẹyin tí kò lólùtà, ti ìyá onílé tó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, kí wọ́n tó dé orí obìnrin tó sin ọkọ àti ọmọ mẹ́fà. Ọ̀rẹ́ wọn pariwo débi pé èmi náà gbọ́ ọ: ṣé kò ku ẹnì kankan fún un ni?

"Ọmọkùnrin kan ló kù," ni Màmá wí. "Ó ń kọ́ṣẹ́ ní Sheffield nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìyá ẹ̀ wá. Ìlú náà la wà báyìí, à ń retí rélùwéè."